Orúnkún Yín Ti Di Ijó

Mọ́mì mi tí mo ṣì ń bínú sí torí pé ẹ fi mí sáyé lọ, tí mo sì fẹ́ràn jù láyé,

Orúnkún yín tó máa ń dùn yín ti di ijó o!

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Àná ni Àǹtí Bọ́sẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yín àtijọ́ tó ti di olùkọ́ ijó báyìí, wá mú mi nílé Màmá Àgbà ní Mákùn. Wọ́n fẹ́ fi Ijó Olóbì ṣe ìrántí yín ní yunifásítì, èyí tẹ́ ẹ ti da ọwọ́ àwọn ìyá tó ń ṣa obì lágbàlá wa pọ̀ mọ́ ọwọ́ ijó tẹ́ ẹ kọ́ ní Íńdíà. Wọ́n ní kí n wá bá wọn jó. Èmi? Látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, n kì í jó mọ́, kódà nínú yàrá mi. Mo kàn tẹ̀ lé wọn kí Màmá Àgbà lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀ ni.

Mo jókòó sẹ́yìn níbi ìdánrawò wọn, mo fajú ro. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ijó. Ọwọ́ wọn dáa, mi ò ní purọ́. Àfi bí wọ́n ṣe fẹ́ yípo, tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tiro! Àwọn ọmọ tí ara wọn le bí ọta! Fídíò yín tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀kan tiẹ̀ lejú koko, ó ń ṣàlàyé fún mi:

“Títiro yìí, Bràsíl ni Púròfẹ́sọ̀, màmá yín, ti mú un bọ̀. Ó jinlẹ̀ gan-an.”

Bràsíl kẹ̀! Jinlẹ̀ kẹ̀! Ṣé orúnkún tí mo ń fi ìpara gbígbóná ra fún yín, tẹ́ ẹ ń ké bí ọmọ ọwọ́?

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n rò pé ẹkún ni, wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Èmi mọ̀ pé orúnkún ni. Mi ò kàn lè yọ ọ́ kúrò ni. Ìwọ ni ọmọ wọn. Ṣé ká yọ ọ́?”

Mọ́mì o! Bí mo bá ní kí wọ́n yọ ọ́, ijó á dára sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá tiro bíi tiyín mọ́ láyé yìí?

Mo bá lọ bá àwọn oníjó náà, mo bọ́ bàtà.

“Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n tiro! Ẹ máa rẹ́rìn-ín bẹ́ ẹ bá ti ń gbé ẹsẹ̀ yẹn. Mọ́mì mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé orúnkún ń dùn wọ́n.”

Bí mo ṣe jó nìyẹn o. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n máa ṣe ìrántí yín, èmi ni màá wà níwájú. Ṣé inú yín dùn sí i, àbí ojú ń tì yín?

Èmi ni, ọmọ yín oníkanra, tí ẹsẹ̀ ń ro láti àná.