Ilé Tí Ọbẹ̀ Mi Tà

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò mi. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ilé tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ Ṣògo ọkọ mi ní kí àwa tọkọtaya máa gbé ní àdúgbò Under G, kó má bàa ṣófo lójú àwọn tó fẹ́ rà á, ó ti tà. Èmi ni mo tà á. Mo fọ ògiri, mo so kọ́tìnì tí ẹ fún mi, ọbẹ̀ mi sì ń ta sánsán nígbà tí ìyá àgbà kan wá wò ó. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ilé tó gba ìyàwó tuntun, oríire ń bẹ níbẹ̀. Mo máa rà á."

Ṣògo ní bí mo bá sùn nínú ilé adìyẹ, olówó kan á wá rà á. Ó ti jáde láti àárọ̀, ó ń wá yàrá kan tí a máa kó lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹrù ìyàwó mi ṣì wà lọ́dọ̀ yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ná. Ìyá náà ní kí n fi kọ́tìnì sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ká a sínú àpótí. Yóò rí fèrèsé mìíràn.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún wọn pé ọkọ mi ń kẹ́ mi.

Ọmọ yín,
Àyọ̀kẹ́