Ẹ Tún Ọjọ́ Fìdáù Yẹn Ṣe

Olóòtú wa, ẹ kú ohùn rere. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forúkọ bò mí láṣìírí. Sokoura ní Bouaké ni mò ń gbé.

Èmi àti àbúrò mi ṣe ojú òpó tí èèyàn á ti máa gba tíkẹ́ẹ̀tì òde lórí fóònù. A ní kí ọ̀rẹ́ méje kọ́kọ́ dán an wò, kí wọ́n sọ ibi tó kù sí. Mo wá fi àwàdà kọ fìdáù ọjọ́ kẹjọ ti ara mi síbẹ̀, Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èsì mẹ́jọ ló wọlé. Ìkẹjọ ò ní orúkọ: “Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ tún ọjọ́ yẹn ṣe. Àlàmísì ni.”

Òní Àlàmísì ni mò ń kọ̀wé yìí. Ẹni tí fìdáù rẹ̀ bá bọ́ sí Àlàmísì tó ń bọ̀, òní ni yóò kú.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí n pa á rẹ́ ni, àbí kí n tún un ṣe?