Iná Tí Bàbá Tún Tàn

Ilé Olùtọ́jú Iná,
Ẹnu Èbúté.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Àwa náà ń mí, ká ṣáà sọ bẹ́ẹ̀. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú. Ẹni tí gbogbo èbúté ń pè ní Kò-sí-wàhálà, orí àpáta abẹ́ omi ni ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ sí. Àná la sin ín.

O mọ̀ pé ọdún tó kọjá ni iná ilé ìmọ́lẹ̀ wa, tó ń kìlọ̀ fáwọn ọkọ̀ kí wọ́n yà fún àpáta tó wà níwájú rẹ̀, ti kú. Àwọn apẹja ò lè torí ìyẹn jókòó sílé, iná ilé iṣẹ́ yìnyín ni wọ́n wá fi ṣe àmì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn á dojú ọkọ̀ kọ ọ́ tààrà, wọn á sì wọlé láìfara kan àpáta.

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n wá tún iná wa ṣe. Inú Bàbá dùn, wọ́n ń nu gíláàsì, wọ́n ń súfèé. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti wà lójú omi kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìgbà tá a máa rántí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìkùukùu ti bo ilé yìnyín, iná kan ṣoṣo ló rí, ó sì dojú ọkọ̀ kọ ọ́. Ẹnì kejì rẹ̀ nínú ọkọ̀, tó rí pákó dì mú, ló sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n rẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn oníyìnyín mà ti ra gílóòbù tuntun.

Bàbá ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn làwọn fi pa ọmọ àwọn, àwọn ò ní tan iná yẹn mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó jáde láàárọ̀ yìí ti mọ̀ pé iná wa ti padà. Bí kò bá tàn, iná yìnyín ni wọn á rò pé ó jẹ́ tiwa, wọn á yà fún un, wọn á sì bọ́ sórí àpáta. A bẹ Bàbá títí, wọ́n kọjú sí ògiri.

Màmá ló ṣa kọ́kọ́rọ́ náà nílẹ̀, àwọn tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn yẹn rí. Wọ́n ní, "Ọmọ tèmi ti wálé. Tàwọn ìyá yòókù ò tíì dé."

Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá lókè nídìí iná bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Tí o bá ń bọ̀, jọ̀ọ́, orí ilẹ̀ ni kí o gbà.

Èmi ni,
ẹ̀gbọ́n rẹ kan ṣoṣo tó kù,
Àǹtí.