Ohùn Ìyá Agbẹ̀bí Tí Kò Fẹ́ Gòkè

                                        Òkè Ilé Oníbàtà,
                                        Òpópónà Ibùdókọ̀ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo fi ṣe ìyá,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ṣé ara le? Orúnkún tó ń dùn yín nígbà tí a rí ara wa kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ aago títúnṣe ṣì ń lọ dáadáa? Mo gbọ́ pé àkọ́bí yín ti ga jù yín lọ báyìí. Ẹ bá mi sọ fún un pé gíga kọ́ làgbà. Lọ́dọ̀ tèmi níbí, ọpẹ́ ló yẹ wá. Mò ń jẹun, mò ń sùn, iṣẹ́ sì ń lọ. Àárò yín nìkan ló ń sọ mí, kò sì sí ilé olóògùn tó ń ta oògùn rẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lápò. Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá pè yín, kí n tó sọ gbólóhùn kan, ẹ ó ti bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá òtútù ò mú mi, kí n sì tó dáhùn, oníbàárà á ti dé bá yín. Ọ̀rọ̀ tòní gùn. Mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì í.

Ẹ ti bi mí rí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ní "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò yé yín. Bó ṣe rí nìyí: ilé iṣẹ́ wa ní ìkànnì kan lórí ayélujára tí àwọn ènìyàn ń kó fáìlì wọn sí. Ẹni tó bá ní fọ́tò, tàbí ìwé pàtàkì, tàbí ohùn tó gbà sílẹ̀, á gbé e sókè láti orí fóònù rẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí, ibi yòówù kó wà láyé, á dáńlóòdù rẹ̀ sórí tirẹ̀. Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ fáìlì yẹn, èmi ni mò ń bójú tó o. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò lókè ilé oníbàtà, òórùn gọ́ọ̀mù bàtà sì máa ń bá wa jókòó láti àárọ̀ títí a ó fi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan gun àtẹ̀gùn wa wá, ó ń mí gúlegúle. Ohùn rẹ̀ há bí ẹni pé iyanrìn wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó béèrè bóyá àwa la ni ìkànnì tó ń kọ̀ láti gba ohùn òun. Ẹnì kan wà lọ́fíìsì wa tí a ń pè ní Oníwàásù, nítorí kò lè dáhùn ìbéèrè kan láìṣàlàyé mẹ́ta. Ó ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé nígbà tí ìyá náà gbọ́wọ́ sókè.

"Ọmọ mi, ohùn tó kù fún mi ò pọ̀ tó èyí tí mo lè fi bá ọ du ọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n sọ tèmi ná."

Agbẹ̀bí ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Kókó kan ti hù sí i lọ́nà ọ̀fun, àwọn dókítà sì ti sọ pé àfi kí wọ́n yọ ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀mí á bá a lọ. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè, tó lóyún àkọ́kọ́. Ìyá yìí ti gbẹ̀bí fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ láìmọye, ó sì ti ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ tí yóò gbẹ̀bí ọmọ tirẹ̀. Kò lè lọ mọ́. Ló bá jókòó ti fóònù rẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tí ì bá sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: bí a ṣe ń mí, ìgbà tí a kì í tì, ìrora tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù àti èyí tí kò yẹ.

Ọ̀gá wa obìnrin bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ fún ọmọ náà lórí fóònù tààrà.

Ó ní, "Mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrọbí, ọjọ́ ìrọbí ló ń wúlò. Ẹni tí inú ń run kì í rántí ohun tí wọ́n sọ fún un lánàá."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú sì tì mí díẹ̀. Ìkànnì wa fẹ́ gba fáìlì lódindi ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, gbogbo èyí tó ti gòkè á dà nù, onítọ̀hún á sì tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ládùúgbò ìyá náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe méjì ju kó máa ṣẹ́jú lọ. Mo wá gbé e sókè láti ọ́fíìsì wa, ó lọ dópin, àmọ́ ìkànnì dá a padà pé ó tóbi ju ìwọ̀n tí a fàyè gbà. Mo ní kí n mú ìwọ̀n náà kúrò, ọ̀gá kọ̀: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbé fáìlì ràgàjì wá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ wa á dákú, ti gbogbo ayé á sì bàjẹ́. Oníwàásù ní ká bá ìyá fi ránṣẹ́ lọ́nà mìíràn.

Ọ̀gá ní, "Ti ìyá yìí ṣeé dọ́gbọ́n sí. Àwọn tí tiwọn já lójú ọ̀nà tí wọn ò mọ ilé wa ńkọ́?"

A wò wọ́n nínú àkọsílẹ̀ ìkànnì. Wọ́n pọ̀. Gbogbo wọn ló gbìyànjú títí tó sú wọn. Ìyá Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló wá gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ó ní ká tún ọ̀nà náà ṣe, pé òun ṣì ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ fi kún èyí tí òun ti sọ kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọgbọ́n tí a dá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ṣe é kí fóònù máa gé fáìlì sí wẹ́wẹ́ tí kò ju ìwọ̀n tí a fàyè gbà lọ kó tó fi ránṣẹ́, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìkànnì sì máa dáhùn pé "mo ti gba èyí" kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ibi tó dúró ni yóò ti máa lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé tán, ìkànnì á tò ó pọ̀.

A pe ìyá wá gbọ́ ọ. Ó tẹ́tí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nínú ohun tí a tò pọ̀, ó ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń nu ojú ọmọ tuntun kó tó sọ bí inú ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í run. "Ẹ ti mú kí ọmọ jáde kí ìyá ẹ̀ tó rọbí," ló wí. Ẹ̀rọ ń to nọ́ńbà bí ẹni ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó ń wo àmì àkọ́kọ́ nìkan, nítorí náà ẹyọ kẹwàá ń ṣáájú ẹyọ kejì. Oníwàásù tún un ṣe láìwàásù kankan. A tún fi kún un pé kí ìkànnì máa yẹ odindi fáìlì wò, kó lè dájú pé ohun tó dé kò yàtọ̀ sí ohun tó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sílé ìyá. Yàrá rẹ̀ mọ́ nigín, àpò tó fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Fáìlì ń gòkè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ìyá di ọwọ́ mi mú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, fáìlì ń lọ láti ibi tó dúró. Ó tún já, ó tún padà. Nígbà tí ó dópin, ìyá rọra tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní òun ń tọ́jú ìwọ̀nba ohùn tó kù fún ọmọ òun, kó lè gbọ́ ọ lórí fóònù láṣàálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Líǹkì, ìyẹn ojú ọ̀nà sí fáìlì náà, tí a fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà kì í pẹ́ kú. A ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àlejò má baà yọ́ wọlé ni. Iṣẹ́ àti àìsàn oyún kò jẹ́ kó ráyè ṣí i. Ìgbà tó máa ṣí i, líǹkì ti kú, ìyá rẹ̀ sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ohùn ti lọ. Ó kọ̀wé sí wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti parẹ́ ni?" Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ohùn ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, ọ̀nà ló tì. Mo ṣí òmíràn fún un, n kò sì kúrò nídìí kọ̀ǹpútà títí mo fi rí i pé ó ti dáńlóòdù rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ni fáìlì lè fúnra rẹ̀ ṣí líǹkì tuntun.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ náà rọbí. Ìyá ránṣẹ́ pè mí kí n wá bá òun di fóònù mú. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló pè wá lórí fídíò, ó yí ojú fóònù sí ògiri, ohùn nìkan là ń gbọ́. Mo wá gbọ́ ohùn tó há yẹn láti yàrá tó jìnnà yẹn: "Má tì í. Mí. Mo wà níbí." Ìyá jókòó tì mí, ó ti fi aṣọ bo ọrùn rẹ̀, ètè rẹ̀ ń bá ohùn ara rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan kò sì yingin. Nígbà tí ọmọ tuntun ké, ìyá la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu apá àga, ó ń lù ú, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, títí ọmọ rẹ̀ fi ní, "Màámi, mo gbọ́ yín."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo délé, mo tú fóònù mi yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Èmi tí mò ń bá gbogbo ayé tọ́jú ohùn, n kò ní tiyín kankan. Mo ní fọ́tò yín, mo ní ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn yín, bí a bá ti pa fóònù, ó parí. Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí ìyá tó ń gbé ilé kejì tó máa ń bá yín ṣọ́ ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ fún mi. Ohun yòówù tó bá wù yín ni kí ẹ sọ. Bó jẹ́ ìbáwí ni, mo fẹ́. Kó gùn bó bá ṣe fẹ́ gùn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ má tún un bẹ̀rẹ̀. Á dúró dè yín níbi tí ẹ bá ọ̀rọ̀ dé, èmi náà á sì dúró.

                                        Èmi àbúrò yín tí ń retí ohùn yín,
                                        Àbíkẹ́yìn.