Purotéènì Inú Ẹ̀jẹ̀ Mi Gba Ipò Kejì

Britta ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ariwo Mìlíwọ́kì ò tíì dí ọ létí? Iṣẹ́ ńkọ́, ilé ńkọ́, ológbò rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún, àwọn tó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé kò ní rí ọ gbá. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ti gé koríko màlúù lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún yìí, ó sì ti bá gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú oko jà. Verna aládùúgbò wa ra awò ojú tuntun, ó wá ń rí gbogbo ìdọ̀tí tó wà lára fèrèsé mi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Mo lọ sí kílíníìkì nítorí ó ń rẹ̀ mí, tí mo bá gbé korobá wàrà dé ẹnu ọ̀nà báyìí, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ bi mí bóyá àárò ọmọ mi ń sọ mí. Mo ní ó ń sọ mí o. Ó ní ohun tó ń ṣe mí nìyẹn, kí n wá nǹkan kan máa fi ọwọ́ ṣe. Mo ní odindi agbo màlúù ni mò ń fi ọwọ́ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ẹ̀jẹ̀ mi díẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Wọ́n ní inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni èsì yóò wà. Mo débẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni mí, kí n tọ́ka sí gbogbo àwòrán tí katakata bá wà nínú rẹ̀. Mo tọ́ka sí gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan, nítorí ẹ̀rọ ìkórè nìyẹn, afọ́jú nìkan ló máa pè é ní katakata. Wọ́n ní èèyàn kọ́ ni mí. Bàbá rẹ ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura. Ìgbà tí mo purọ́ fún wọn ni wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé.

Kí ni mo rí? Wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà pé purotéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ga nínú ẹ̀jẹ̀ mi kọjá ti àwọn obìnrin yòókù! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé tí purotéènì inú wàrà wa bá ga, àwọn tó ń rà á máa ń fi owó lé e, nítorí irú wàrà bẹ́ẹ̀ ló ń tètè dì, òun ló ń di wàràkàṣì gidi. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mí ni pé ọfà pupa ni wọ́n fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pupa! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ríbọ́nù búlúù ni ti ipò kìíní níbi ìdíje àgbẹ̀, pupa ni ti ipò kejì. Mo pè wọ́n láti béèrè ẹni tó gba búlúù, wọ́n ní àwọn ò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì fún mi. Verna ni, ó dá mi lójú.

Bàbá rẹ ní kí n yé yangàn, pé òun ló ní àìsàn ọkàn nílé yìí. Àìsàn ọkàn wo? Lọ́dún tó kọjá ó jẹ sọ́séèjì títí ó fi gbá àyà mú nídìí tábìlì, hẹlikọ́pítà balẹ̀ sáàárín àgbàdo wa, wọ́n to rọ́bà sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀. Gáàsì ni. Ó gùfẹ̀ lókè ọ̀run, ara rẹ̀ yá kí wọ́n tó balẹ̀. Èmi obìnrin, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ní kí n lọ wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Halvor dókítà màlúù wá wo abo kan tí kò jẹun. Ó wò mí bí mo ṣe jókòó sórí korobá tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ká ní màlúù ni mí, òun ò ní kúrò nínú oko yìí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní ó ṣeun. Ọkùnrin yẹn ti bá ẹran gbé pẹ́ jù, kò mọ bí a ṣe ń yin obìnrin mọ́.

Lánàá, nọ́ọ̀sì pè láti kílíníìkì, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Ó ní purotéènì yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan tó lọ sí ọkàn mi, kí n padà wá kíákíá. Ó bi mí bóyá àyà ń dùn mí. Mo ní rárá. Ó ní tí ọkàn obìnrin bá ń ṣàìsàn, kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àyà ló ń dùn ún, pé ó lè jẹ́ ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Níbo ni àgbọ̀n ti bá ọkàn tan? Mo ní tí ìdíje àgbẹ̀ bá parí, màá yọjú.

Jọ̀ọ́, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ yọ eyín. Eyín ìsàlẹ̀ kan lápá òsì ló ń dùn mí wọnú àgbọ̀n. Tí mo bá ti gbé korobá ló máa bẹ̀rẹ̀, tí mo bá jókòó, á dáwọ́ dúró. Irú eyín ọ̀lẹ wo nìyẹn?

Britta, inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí tó kù, má wo bí ìwé mi ṣe rí. Bàbá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka lẹ́tà onílẹ́tà. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ eyín, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó dì mí mú lápá. Mo ní àsìkò àtifún wàrà ti tó. Ó ní kí àwọn màlúù máa ké. Ọkùnrin tó fún wàrà láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó wa kó tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì! A kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù, gbogbo wọn ń ké, kò tiẹ̀ yíjú wò wọ́n. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ máa ṣàn wẹ́rẹ́, ọmọ mi, kí Ọlọ́run má fi ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Má wulẹ̀ fi owó yẹn ránṣẹ́ mọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ardis