Bàbá, Mo Parọ́ Pé Ẹ Yọ̀ǹda Mi

Bàbá mi, ẹni tó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n sí mi lọ́wọ́,

Èmi ni o, ọmọ yín tó bínú kúrò nílé. Irun orí mi ti funfun báyìí ju tiyín lọ lọ́jọ́ tí mo rí yín kẹ́yìn. Mi ò mọ̀wé kọ, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n kà, nítorí náà mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí kò ní ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ lójú ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹ̀yin ni màá sọ ọ́ fún, kí òun máa gbọ́. Òun ló ń bá mi kọ ọ́. Áńtí Wúrà ni gbogbo wa ní ilé ìtọ́jú ń pè é. Kò tíì mọ ohun tó wà níwájú.

Ìyàwó mi kú, Bàbá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ibi tó ti ń gbálẹ̀ ní ilé wa ní Kétu ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó mú apá ọ̀tún rẹ̀ látòkè délẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Ìkòsì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn láti tún máa lo ara wọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó tì í. Nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe, mo ra òwú, mo gbẹ́ abẹ́rẹ́ igi bíi tiyín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn aláìsàn tó kù ń wò mí. Ọ̀kan bá mi di òwú mú. Òmíràn ní kí n jẹ́ kí òun náà dán an wò. Kò pẹ́ tí àwọn ìka tó ti sùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Ti Àṣàkẹ́ nìkan ni kò jí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí a sin ín, mo padà síbẹ̀. Níbo ni kí n tún lọ?

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń lọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Bàbá Aláwọ̀n ni wọ́n ń pè mí. Àfìgbà tí Áńtí Wúrà dé láti òkè òkun. Eré àti iṣẹ́ ọwọ́ ló lọ kọ́ níbẹ̀, bí a ṣe ń fi wọ́n jí ara tó ti kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo ní ṣé ó dìgbà téèyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó mọ̀ pé eré dára ni?

Òfin kan bá a dé. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ dá jókòó ti aláìsàn láti fi eré tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, kó máa ṣe é lójú ẹni tó ní in fún oṣù mẹ́fà, títí onítọ̀hún yóò fi fọwọ́ sí i pé ó tó. Bí kò bá tó, kó máa lọ sílé. Lásísì ló rẹ́rìn-ín jù. Awakọ̀ lọ́rì ni Lásísì, rọpárọsẹ̀ mú òun náà lápá ọ̀tún. Ó ní, “Ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò gba ọwọ́ ọ̀tún, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ ọ̀tún tèmi kọ̀ṣẹ́ sílẹ̀!” Nígbà tó gbọ́ tèmi, ó ní, “Ẹ ti di ẹni tó ń kọ́ mọ́tò nìyẹn, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká so páálí L mọ́ yín lẹ́yìn, kí ará ọ̀nà lè máa sá fún yín.”

Áńtí Wúrà mú fọ́ọ̀mù wá. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́ àwọ̀n. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ṣé mo gba fírídọ̀mù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹ̀yin lẹ pe àwọn àgbà etí odò jọ, ẹ pa obì, ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i.

Irọ́ ni, Bàbá.

Áńtí Wúrà ti dáwọ́ kíkọ dúró. Ó ń wò mí.

“Bàbá, ṣé kí n kọ ìyẹn náà?”

Mo ní kó kọ ọ́.

“Ẹ mọ̀ pé bí mo bá mú un dé ọ́fíìsì, wọ́n lè ní kí ẹ má wá mọ́?”

Mo mọ̀. Kọ ọ́, ọmọ mi.

Ẹ̀yin mọ bó ṣe rí. Mo fẹ́ parí àwọ̀n mi ṣáájú ẹgbẹ́ mi, mi ò fa kókó àárín le. Ẹ gbé e lọ sójú odò, ẹja já a. Ẹ padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, ìbàǹtẹ́ yín ń ro omi. Ẹ ò nà mí. Ẹ kàn sọ pé, “Ọwọ́ rẹ yá, ṣùgbọ́n kò lè dúró,” pé kí n lo ọdún kan sí i. Ọdún kan! Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti kúrò ní ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Mo lọ ru igi abẹ́ irin rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń yin ọwọ́ tó yá. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, ẹ ti lo oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀. Ta ló tún àwọ̀n yẹn ṣe? Mi ò béèrè rí.

Ohun kan tí mo tún rántí: bí mo bá ń hun, ẹ máa ń jókòó níwájú mi, ẹ ó ki ọwọ́ yín méjèèjì bọ abẹ́ itan. Mo rò pé òtútù odò ló ń mú yín.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Lásísì ń gbìyànjú láti so kókó kan. Abẹ́rẹ́ bọ́, ó mú un. Ó tún bọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a so ó. Ó kọjú sí ògiri. Áńtí Wúrà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní oṣù mẹ́fà ti pé, ṣùgbọ́n òun kò lè fọwọ́ sí ìwé mi, torí èmi ni mò ń hun àwọ̀n tó yẹ kí aláìsàn hun. Inú bí mi. Mo ní, “Ṣé kí n máa wò ó kó máa jìyà ni?”

Ó ní, “Ẹ máa wò ó, Bàbá. Ìyẹn gan-an niṣẹ́ yẹn.”

Mo lọ sílé. Ojú Lásísì tó kọ sí ògiri yẹn, mo ti rí i rí. Ojú Àṣàkẹ́ ni. Ó máa ń di ṣíbí mú, kò ní fẹ́ fi sílẹ̀. Èmi á rọra já a gbà, èmi á fún un lóúnjẹ. Ó máa ń di ìyarun mú, èmi á gbà á. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Yóò kọjú sí ògiri, èmi á sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Bàbá, ṣé ọwọ́ yẹn ì bá jí? Ṣé èmi ni mi ò jẹ́ kó jí?

Mo ti sọ ọ́ tán. Kí Áńtí Wúrà ṣe é bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá lé mi, mi ò ní í jà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtọ́jú la wà. Òjò ń bọ̀ láti ọ̀nà Ajégúnlẹ̀. Odò ṣì ń wọ ilé yín lọ́dọọdún. Lásísì jókòó níwájú mi, kókó kan ṣoṣo ló sì ń so láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Abẹ́rẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ itan mi, mo jókòó lé wọn. Wọ́n ń jà láti jáde.

Kì í ṣe òtútù, àbí, Bàbá?

Lásísì ní, “Oní-L, ẹ wò ó!” Kókó náà wọ́. Ṣùgbọ́n ó mú.

Àtàǹpàkò mi nìyí nísàlẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ kò tíì yọ̀ǹda.