Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìtàn Pápá Bàálù

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Ìyànà Ìyẹsí, Ọ̀tà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 2025.

Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìtẹ́olúwa ńkọ́, ṣé ó ti rí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ̀? Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Tiwa náà ò burú, alihamdulilahi. Ọyẹ́ ṣì ń mú níbí, eruku ọ̀nà Ìdírókò ò sì jẹ́ kí aṣọ funfun ṣeé sá.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ pápá bàálù ojú ọ̀nà Alápòtì. Ọdún 1978 ni ilé iṣẹ́ irin kan gba ogójì ọkùnrin láti la igbó ibẹ̀, kí bàálù kékeré wọn lè rí ibi bà sí. Bàbá mi wà lára wọn. Tahir, ọ̀rẹ́ Bàbá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn bàbá Àdìzát tó ń ránṣọ ní Ìjókó. O mọ̀ pé igi ló pa Tahir lẹ́nu iṣẹ́ náà, nígbà tí Àdìzát ṣì wà nínú oyún. Ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n lo pápá ọ̀hún kí ilé iṣẹ́ tó kógbá sílé. Láti ìgbà náà, ewúrẹ́ àti àwọn tó ń sá láfún ló gba orí ọ̀dà. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn kan rà á tí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ní bàálù elérò méjìlá yóò máa ti ibẹ̀ lọ sí Ìlọrin àti Àkúrẹ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yéwándé ló kọ ìtàn pápá náà sórí pátákó fún wọn. Ó wá sílé wa, ó ní nínú ogójì ọkùnrin yẹn, Bàbá nìkan ló kù láyé, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n wà nínú bàálù àkọ́kọ́ tó máa gbéra. Inú Bàbá dùn. Nítorí ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì, èmi àti Àdìzát la mú wọn lọ síbi ayẹyẹ ṣíṣí pápá náà ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

Yéwándé bọ́ síwájú, ó ka ìtàn náà. Ó dára, àmọ́ nígbà tó dé ibi igbó tí wọ́n là, ó kà á pé iṣẹ́ náà parí láìsí ẹni tó fara pa. Bàbá dìde.

“Ọmọ mi, ìtàn yín ò pé. Tahir kú síbí.”

Ọ̀gá kan bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ jókòó, pé àwọn á gbọ́ ọ lẹ́yìn ayẹyẹ.

Bàbá ní, “Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti fi jókòó.” Wọ́n wá yíjú sí ọ̀dọ̀ wa. “Àdìzát, èmi ni mo pariwo sí bàbá rẹ pé kó sá sí apá òsì. Apá òsì náà ni igi wó sí.”

Dúpẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí. Gbogbo ohun tí Bàbá ti ṣe fún Àdìzát láti kékeré, owó ilé ìwé, máṣíìnì ìránṣọ, mo rò pé nítorí ọ̀rẹ́ ni. Nígbà tí Yéwándé sún mọ́ wa tó béèrè orúkọ olóògbé náà ní kíkún, Àdìzát fúnra rẹ̀ ló pè é fún un: Tahir ọmọ Sírájúdéènì. Yéwándé kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe èrò bàálù, Bàbá ní àwọn ò lọ mọ́, kí Àdìzát gba àyè àwọn. Kò wọ bàálù rí. Ó gun àtẹ̀gùn lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi yí ká lókè. Bàbá dúró sínú oòrùn títí bàálù fi balẹ̀.

Bí Àdìzát ṣe sọ̀kalẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá ló wá tààrà.

Bàbá ní, “Kí lo rí?”

Ó ní, “Igbó ló pọ̀ jù, Bàbá. Èmi tí mo wà lókè, mi ò mọ ibi tí ẹyọ igi kan máa wó sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ rẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀?”

Bàbá sunkún níṣojú gbogbo èèyàn. Àdìzát dúró tì wọ́n títí wọ́n fi dákẹ́.

Wọn ò tíì tún pátákó ìtàn náà kọ. Yéwándé ní àwọn máa tún un kọ. A ń wò wọ́n. Àdìzát ti wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ náà, òun àti Bàbá á jókòó sí ìta, Bàbá á máa sọ irú èèyàn tí Tahir jẹ́ fún un. Ó ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá òun máa ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Ìtẹ́olúwa. Bàbá ní kí n kí ọ, Àdìzát náà ń kí ọ.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

Hàlímọ̀tù